Ojú Irin Tóóró Lórí Pákó Kan Ṣoṣo: Ìdáhùn Sí Lẹ́tà Yín

Láti ìgbà tí a ti mẹ́nu ba kíkọ́ ọkọ̀ ojú irin àwòṣe nínú ojú ewé yìí ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì béèrè nípa rélùwéè ńlá bí kò ṣe nípa ojú irin tóóró, èyí tí irin rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra ju ti gbogbogbòò lọ. Mo ti ṣa àwọn tí ìdáhùn wọn lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti fẹ̀yìn tì, àyè tí mo sì ní kò ju ti tábìlì kan lọ: 60 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, 120 ní gígùn. Wọ́n ní ojú irin tóóró ni ó yẹ mí, ṣùgbọ́n àmì tí wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀, HOe, OO9, On30, kò yé mi rárá. Èwo ni yóò gba orí pákó mi?

Ẹ kú ìsinmi, Bàbá. Ojú irin tí ó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé fẹ̀ tó 1,435 mílímítà láti irin kan sí ìkejì, èyíkéyìí tí kò bá sì tó bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní tóóró. Àwọn tí wọ́n kọ́ ọ kò kọ́ ọ fún ẹwà. Òkè ni wọ́n fẹ́ gùn, owó ọwọ́ wọn kò sì ká a láti gbẹ́ òkè náà kúrò lọ́nà. Ojú irin Ffestiniog ní ilẹ̀ Wales, tí wọ́n ṣí ní 1836 láti máa kó òkúta pẹlẹbẹ tí a fi ń bolé lọ sí èbúté, kò fẹ̀ ju 597 mílímítà lọ. Ìwúwo òkúta náà fúnra rẹ̀ ni ó ń mú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹṣin ni ó sì ń fa òfìfo rẹ̀ padà sókè, títí ẹ́ńjìnì tí ń lo ooru omi fi dé ní 1863. Ti Darjeeling ní Íńdíà, tí ó dé orí òkè ní 1881, jẹ́ 610 mílímítà, nígbà tí Denver & Rio Grande ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1871 lórí 914. Àǹfààní kan náà ni gbogbo wọn ń wá: bí irin méjèèjì bá sún mọ́ra, ọkọ̀ lè ṣẹ́ kọ́nà tí ó há. Àǹfààní yìí gan-an ni ẹ̀yin náà ń wá lórí tábìlì yín.

Ní ti àmì ara páálí, lẹ́tà tí ó ṣáájú ń sọ bí wọ́n ṣe dín nǹkan kù tó, èyí tí ó tẹ̀ lé e sì ń sọ pé tóóró ni ojú irin rẹ̀. HO túmọ̀ sí pé wọ́n dín gbogbo nǹkan kù sí ìdá kan nínú 87, OO jẹ́ ìdá kan nínú 76, O ti àwọn ará Amẹ́ríkà sì jẹ́ ìdá kan nínú 48. Orí irin oní-mílímítà 9 ni HOe àti OO9 ń rìn, irin kan náà tí ìwọ̀n N, èyí tí ó kéré ju HO lọ, ń lò. On30 ní tirẹ̀ ń rìn lórí irin oní-mílímítà 16.5 tí HO ń lò, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń yọ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì HO kan, tí wọ́n sì ń kọ́ ilé ẹ́ńjìnì tóóró tí ó tóbi lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé e lé orí pákó. On30 sábà máa ń fẹ́ kọ́nà tí ó jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 46 sí àárín òbírí rẹ̀, èyí tí ó mú kí òbírí náà gbà tó 92. Pákó oní-60 kò lè gbà á. Àwọn ẹ́ńjìnì kékeré HOe àti OO9 lè ṣẹ́ kọ́nà ní 23, òbírí wọn yóò sì gba 46, tí yóò ṣẹ́ ku 7 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe fi sẹ̀ǹtímítà 7 yẹn ṣòfò, nítorí òun ni yóò gba ọkọ̀ tí ó bá yọ lẹ́sẹ̀ kí ó má baà já lulẹ̀. Nítorí náà irin oní-mílímítà 9 ni mo fọwọ́ sí fún yín. Bí ojú kò bá tún rí nǹkan wẹ́wẹ́ mọ́, ẹ mú On30, kí ẹ gbàgbé òbírí, kí ẹ sì tẹ́ ojú irin gbọọrọ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kan ìṣó kan sí orí páálí ńlá, ẹ so òwú mọ́ ọn, ẹ so pẹ́ńsùlù mọ́ òwú náà ní sẹ̀ǹtímítà 23, kí ẹ sì fi yí òbírí. Ẹ fi ọwọ́ ti kóòṣì tí ó gùn jù tí ẹ fẹ́ rà tẹ̀ lé ìlà yẹn, bí ẹnìkan bá ní irú rẹ̀ tí ó lè yá yín. Bí igun rẹ̀ bá ń fẹ́ gbá igun èyí tí ó wà níwájú rẹ̀, ẹ ti mọ ohun tí ẹ kò ní rà.

Mo fẹ́ kí ojú irin mi gun òkè, kí ó sì kọjá lórí ara rẹ̀ lórí afárá. Pákó mi náà jẹ́ 60 sí 120. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Kò ṣeé ṣe, mo sì ti ṣe ìṣirò rẹ̀ kí ẹ má baà rò pé mo kàn ń dí yín lọ́wọ́. Kí ọkọ̀ tó lè kọjá lábẹ́ afárá, tí a bá ka ìnípọn afárá náà mọ́ ọn, ẹ nílò gíga tó sẹ̀ǹtímítà 6. Bí ojú irin bá ń gòkè ní 3 nínú 100, èyí tí ó ti le díẹ̀ fún ẹ́ńjìnì kékeré tí ń fa ọkọ̀ mẹ́rin, mítà 2 ni yóò rìn kí ó tó gòkè tó bẹ́ẹ̀, yóò sì rìn mítà 2 mìíràn kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo gígùn ojú irin tí ó lè yí po lórí pákó yín kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 264 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì ka ti kọ́nà mọ́ ọn, nítorí kọ́nà tí ó há máa ń di kẹ̀kẹ́ mú bí ẹni pé òkè náà tún ga sí i.

Ẹ jẹ́ kí irin dúró sí ipò kan náà, kí ilẹ̀ ni ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi fóòmù líle tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 ṣe ilẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ gbẹ́ àfonífojì sínú rẹ̀, kí ẹ sì fi afárá rékọjá. Ojú tí ń wò ó yóò gbà pé ọkọ̀ ni ó wà lókè. Bí ẹ bá sì fi dandan lé e pé ó gbọ́dọ̀ gòkè, ẹ kọ́ ọgbọ́n Darjeeling: ọkọ̀ yóò fi iwájú gòkè dé ìpẹ̀kun kan, yóò fi ẹ̀yìn gun ẹsẹ̀ kejì, kí ó tó tún fi iwájú lọ. Ẹsẹ̀ kan tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60 ní 4 nínú 100 yóò gbé e ga ní sẹ̀ǹtímítà 2.4.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi. Ẹ́ńjìnì mi oníkẹ̀kẹ́ mẹ́rin ń sáré dáadáa lórí irin gbọọrọ, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dín eré rẹ̀ kù, yóò dúró gbagidi ní ibi tí irin ti yà sí méjì. Bí mo bá fi ìka ta á, yóò tún lọ. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Àbúrò, ẹ má tíì dá ẹni tí ó tà á lẹ́bi. Gbogbo agbára ẹ́ńjìnì yìí ń gba ẹnu kẹ̀kẹ́ wọlé. Kẹ̀kẹ́ méjì ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, irin ọ̀tún ń gbé ọ̀nà iná kan wá, ti òsì ń gbé ìkejì. Ní ibi tí ojú irin ti yà, ibì kan wà níbi tí irin méjì ti pàdé bí orí ọfà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni ó sì ń fi rọ́bà líle ṣe ibẹ̀ kí iná ọ̀tún àti tòsì má baà fara kanra. Bí kẹ̀kẹ́ kan bá wà lórí rọ́bà yẹn, kẹ̀kẹ́ kan péré ni ó kù ní ẹ̀gbẹ́ náà tí ń gba iná. Bí ìdọ̀tí tín-ín-tín bá wá bọ́ sábẹ́ èyí tí ó kù, ó parí. Nígbà tí eré bá pọ̀, ìgbéra rẹ̀ ni ó ń gbé e kọjá. Eré ni ó ń bo àìsàn náà mọ́lẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fọ irin. Orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pe irin tí a fi ń ṣe ojú irin àwòṣe, nickel silver, mú kí ènìyàn rò pé fàdákà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbà, síńkì àti níkẹ́lì ni, kò sí fàdákà kankan níbẹ̀. Ẹ rẹ aṣọ funfun tí kò já sínú ọtí isopropyl, kí ẹ fi nu ojú irin náà títí aṣọ kò fi ní dúdú mọ́, kí ẹ sì ṣe kẹ̀kẹ́ bákan náà. Ẹ má lo sáńdípépà, bébà oníyanrìn tí a fi ń ha igi, nítorí yóò ha ojú irin, ìdọ̀tí yóò sì ní ilé tí yóò máa gbé. Ẹ má ṣe fi fọ́nrán irin tí a fi ń fọ ìkòkò sún mọ́ ọn rárá. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Irin náà ń dán gbinrin, inú mi sì dùn, àfi ìgbà tí ẹ́ńjìnì mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, tí ó sì kú. Nígbà tí mo tú u, fọ́nrán wẹ́wẹ́ bí irun orí ni mo bá tí ó lẹ̀ mọ́ òòfà inú mọ́tọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo wáyà. Ẹni tí ó bá so wáyà mọ́ ibì kan ṣoṣo, tí ó wá gbọ́kàn lé àwọn àsopọ̀ kéékèèké tí ń mú irin kan mọ́ èkejì, yóò máa ṣe wàhálà láìmọ ibi tí ó ti ń wá, nítorí àsopọ̀ náà ń dẹ̀, àwọ̀ àti gọ́ọ̀mù sì ń wọ inú rẹ̀. Ẹ na wáyà méjì tí ó nípọn gba abẹ́ pákó, kí ẹ sì gbé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ara wọn lọ sí gbogbo ẹ̀là irin. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì, èyí tí àwọn oníṣẹ́ rédíò fi ń jó wáyà pọ̀, jó o mọ́ ẹ̀gbẹ́ irin. Kí ẹ jẹ́ kí irin ìjó náà gbóná dáadáa, kí ọwọ́ yín sì yá: bí ó bá pẹ́ jù, igi ìdábùú oní-rọ́bà tí ó di irin mú yóò yọ́, irin méjèèjì yóò sì jìnnà síra.

Bí ó bá tún ń dúró lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ra irú ìyapa tí orí ọfà rẹ̀ jẹ́ irin, kí ẹ sì fi súìṣì gbé iná tí ó bá ọ̀nà tí ẹ ṣí mu sí i. Fún ẹ́ńjìnì oníkẹ̀kẹ́ mẹ́rin, èmi kì í ra irú kejì mọ́.

Ojú irin mi ń lọ, ó yí po, ó sì padà sórí ara rẹ̀. Gbàrà tí mo so ó pọ̀ ni ẹ̀rọ iná kú. Kí ni mo ṣe?

Ẹ tẹ̀ lé irin ọ̀tún pẹ̀lú ìka yín, ẹ óò sì rí i pé lẹ́yìn tí ó yí po, irin òsì ni ó lọ pàdé. Ẹ ti so ọ̀nà iná méjèèjì pọ̀ fúnra yín. Ẹ gé irin méjèèjì ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin ibi tí ó yí po, kí ọkọ̀ tí ó gùn jù lè wọ inú ibi tí ẹ gé náà tán, kí ẹ sì fún un ní súìṣì tirẹ̀ tí yóò máa yí iná padà. Lórí pákó kékeré, mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kúkú yọ ọ́ kúrò.

Ṣé mo lè lo iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé fún ilẹ̀ àti fún òkúta wẹ́wẹ́ àárín irin?

Ó dára ju èyí tí wọ́n ń pa láró lọ. Ẹ yan án lórí iná kí kòkòrò inú rẹ̀ kú, ẹ fi ajọ̀ kíkúnná jọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ da á sórí bébà, kí ẹ sì fa òòfà kọjá lórí rẹ̀ láìkánjú. Ẹ óò rí irun dúdú kan tí yóò hù sára òòfà náà: irin ni, ibi kan náà tí fọ́nrán tèmi lọ ni yóò sì lọ bí ẹ kò bá yọ ọ́. Nígbà tí ẹ bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì tò ó sáàárín igi ìdábùú, ẹ kọ́kọ́ fọ́n omi tí ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ sí lé e lórí kí ó rin, kí ẹ tó kán gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà tí ẹ ti fi omi lú dọ́gbadọ́gba. Bí kò bá rin, gọ́ọ̀mù náà yóò ká jọ bí ìrì, yóò sì gbá iyẹ̀pẹ̀ jọ. Ẹ má jẹ́ kí ó kan ibi tí irin ìyapa ti ń sún. Ẹ má sì ṣe èyíkéyìí nínú èyí títí ọkọ̀ yóò fi rìn lórí irin náà fún ọ̀sẹ̀ kan láìsí wàhálà.

Ọmọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, bá mi kọ́ ọ tán. Ó wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ní ó ti sú òun. Kí ni mo lè ṣe, ẹ̀gbọ́n?

Ìyá, ọmọ yín kò ṣẹ̀. Ohun tí ń yí po láìní ibi tí ó ń lọ máa ń sú àgbàlagbà náà. Ẹ fún rélùwéè yìí ní iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ pinnu ohun tí ó ń kó, ìbáà jẹ́ gẹdú tàbí òkúta, kí ẹ fi ìyapa méjì tàbí mẹ́ta kún ojú irin náà, ọ̀kan fún ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrù, ọ̀kan fún ibi tí wọ́n ti ń já a. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ ẹrù kọ̀ọ̀kan sórí káàdì kékeré, kí ẹ po káàdì náà pọ̀ ní àràárọ̀, kí ó ṣí mẹ́ta, kí ó sì to àwọn mẹ́ta yẹn tẹ̀ léra bí káàdì ṣe wí, láìfi ọwọ́ gbé ọ̀kankan.

Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé eré àsápajúdé kì í ṣe ti ojú irin tóóró. Bí ti gidi bá ń sáré kìlómítà 25 ní wákàtí kan, èyí tí a dín kù sí ìdá kan nínú 87 gbọ́dọ̀ máa rìn sẹ̀ǹtímítà 8 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí òbírí oní-sẹ̀ǹtímítà 264, ìṣẹ́jú àáyá 33 ni yóò fi padà sí ibi tí ó ti gbéra. Ẹ fún ọmọ náà ní aago, kí ó gbìyànjú láti mú un rìn bẹ́ẹ̀ láìdúró lórí ìyapa kankan.