Wọ́n dìbò yàn mí sí Sẹ́nétì: báwo ni mo ṣe máa gbé kọ́ọ̀sì ẹ̀ka wa débẹ̀?

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí ní fásitì ìjọba kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Congregation, ìyẹn àpéjọ àwa òṣìṣẹ́ tó ní dìgírì, ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn mí sí Sẹ́nétì, ìgbìmọ̀ tó ń darí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní fásitì. Ẹ̀ka wa ní kí n gbé kọ́ọ̀sì tuntun kan lọ sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o. Ẹ má fọwọ́ ara yín gbé e lọ. Sẹ́nétì kì í gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ìpàdé ẹ̀ka yín ló ti máa bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n fẹnu kò, kí ó wọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, kí olórí ẹ̀ka fọwọ́ sí i. Ó di ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀dù fákọ́tì tí díìnì ń darí. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìgbìmọ̀ Sẹ́nétì tó ń yẹ ètò ẹ̀kọ́ wò, ibẹ̀ gan-an ni ìwé ti sábà máa ń há. Wọ́n á bi yín pé ta ló máa kọ́ ọ, yúnìtì mélòó ni, ṣé ẹ̀ka mìíràn kò ti ń kọ́ ohun tó jọ ọ́. Wọ́n á tún wo ibi tó bọ́ sí: nínú CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tí gbogbo fásitì Nàìjíríà ń tẹ̀ lé, NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó fásitì, ló ti la ìdá 70 nínú 100 ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ìdá 30 tó kù ni fásitì kọ̀ọ̀kan láṣẹ lé lórí. Inú ìdá 30 yìí ni kọ́ọ̀sì yín gbọ́dọ̀ wà.

Bó bá la owó lọ, bíi kíkọ́ láàbù sáyẹ́ǹsì, Sẹ́nétì kò lè fi àṣẹ sí i. Kánsù, ìyẹn ìgbìmọ̀ aláṣẹ fásitì, ló ni ọ̀rọ̀ owó àti ilé. Sẹ́nétì ló ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, ìdánwò àti èsì.

Rẹ́jísírà ni akọ̀wé Sẹ́nétì. Kí ìwé tètè dé ọ́fíìsì rẹ̀, kí ó lè bọ́ sínú àjẹ́ńdà. Ẹni tó bá dúró di ìparí ìpàdé kó tó dá a sọ, gíwá tó wà lórí àga á ní kó lọ gba ọ̀nà tó yẹ.

Ohun kan ṣe pàtàkì lójú mi. Ipò ló gbé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti olórí ẹ̀ka dé Sẹ́nétì. Ìbò ló gbé ẹ̀yin débẹ̀. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, Pàmpá ló ń gbẹnu sọ fún ará ìlú nígbà tí Ìlámùrẹ́n jẹ́ ti àwọn olóyè ńlá. Ipò Pàmpá lẹ wà yẹn. Gbogbo Congregation ló rán yín, kì í ṣe ẹ̀ka yín nìkan, nítorí náà ẹ ka ìwé àwọn ẹ̀ka yòókù náà kí ẹ tó wọlé.

Bí wọ́n bá dá kọ́ọ̀sì náà padà, ẹ ní kí ìdí rẹ̀ wọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Òun ni ẹ̀ka yín máa tẹ̀ lé láti tún un ṣe.