Abẹ́rẹ́ Oorun Kọ́ Ló Yẹ Kí Ẹ Máa Bẹ̀rù

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá àgbà wa ní Kétu ti pé ẹni ọdún 87. Ojú àpá iná tó ti wà lẹ́sẹ̀ wọn láti kékeré là lọ́dún tó kọjá, ó di egbò. Nílé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́, wọ́n ní àfi kí wọ́n gé ojú egbò náà kúrò, kí wọ́n fi awọ itan wọn lẹ̀ ẹ́. Ẹbí ní abẹ́rẹ́ oorun á pa wọ́n.

Ìdáhùn: Ẹ fi ọ̀rọ̀ oorun sílẹ̀ ná. Egbò tó yọ lójú àpá iná àtijọ́, tó kọ̀ tí kò san, lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ṣé wọ́n ti bu díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò? Ìyẹn ló kàn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ẹ̀tù sí i.

Iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà gba oorun. Wọ́n lè gún wọn lẹ́yìn, kí ìsàlẹ̀ ara kú fúngbà díẹ̀, kí ojú wọn sì là sílẹ̀. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ la ń wò: ọkàn ńkọ́, kíndìnrín ńkọ́, ṣé wọ́n ń rìn, ṣé wọ́n ń jẹun? Awọ tí a lẹ̀ kì í fẹ́ mú lára ẹni tó ń fi ẹ̀kọ nìkan gbé ara ró. Ẹ fún wọn lẹ́yin àti ẹja. Irọ́ ni pé ẹja ń mú egbò rà. Kí wọ́n fi áṣáà sílẹ̀ pẹ̀lú, ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ ló ń bà mí lẹ́rù. Arúgbó tó bá dùbúlẹ̀ pẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lẹ́sẹ̀, àyà rẹ̀ lè kó àrùn, ìdí rẹ̀ lè bó. Lóru ọjọ́ kejì, ó lè máa pe ọkọ rẹ̀ tó ti kú, kó má dá ọmọ mọ̀. Ibẹ̀ lẹbí ti ń pariwo pé ará ọ̀run ti wá mú un, wọ́n á gbé e sá kúrò nílé ìwòsàn. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó ń dùn mí wọra. Òkú kankan ò pè é! Ọpọlọ àgbà ló dàrú fúngbà díẹ̀: ìrora lè fà á, tàbí òùngbẹ, oògùn, ìtọ̀ tó há, tàbí àrùn tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ké sí nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n wá ohun tó fà á. Ẹ wọ awò ojú fún wọn bí wọ́n bá ń lò ó. Kí ẹni tí wọ́n mọ ohùn rẹ̀ jókòó tì wọ́n, kó máa kì wọ́n, kó máa sọ ọjọ́ tó jẹ́ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ló ń padà sípò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ti àwọn mìíràn ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mi ò tíì fojú kan ìyá, n kò lè ní kí ẹ ṣe é tàbí kí ẹ má ṣe é. Ọwọ́ dókítà tó ń wò wọ́n nìyẹn wà. Ẹ kó gbogbo oògùn wọn lọ hàn án, títí kan àgbo. Ẹ ti sọ ohun tí ẹbí wí fún mi, ẹ ò sọ ohun tí ìyá fúnra wọn wí. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó padà sí Àjàṣẹ́.