Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé Àdúrà Nìkan Ni Ìjọ Lè Ṣe fún Opó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Òrùlé ilé opó kan nínú ìjọ wa ti ń jò láti ìgbà òjò tó kọjá. Gbogbo ìgbà tó bá mẹ́nu bà á ní ìpàdé àdúrà, àdúrà nìkan ni a ń gbà fún un. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Kò tọ́ rárá. Nígbà tí àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì ní Jerúsálẹ́mù ṣàròyé pé wọ́n ń gbójú fo àwọn opó wọn nínú ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́, àwọn àpọ́sítélì ní kí ìjọ yan ọkùnrin 7 tí wọ́n ní orúkọ rere, tí wọ́n sì kún fún Ẹ̀mí àti ọgbọ́n, kí wọ́n lè fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Stéfánù wà lára wọn. Ó wú mi lórí gan-an pé iṣẹ́ pípín oúnjẹ ni wọ́n wá irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ sí.

Nítorí náà, ẹ tọ àwọn díákónì yín lọ, kí wọ́n mú káfíńtà lọ wo òrùlé náà, kí ó ka iye páànù, igi àti ìṣó tí yóò gbà, kí ẹgbẹ́ ọkùnrin àti ẹgbẹ́ obìnrin sì dá owó rẹ̀ jọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kéde orúkọ ìyá náà níwájú ìjọ, nítorí ojú a máa ti ẹni tí a bá ràn lọ́wọ́ ní gbangba. Ẹ parí iṣẹ́ náà kí òjò mìíràn tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa bá àdúrà yín lọ.