Ara mẹ́ta tí àwọn Híńdù ń sọ: èwo ni ọkàn nínú wọn?

Ìbéèrè (ìyá kan, Leicester)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 14, ń múra ìdánwò GCSE nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Ẹ̀sìn Kristi àti ẹ̀sìn Híńdù ni ilé ìwé wọn mú. Ó ní kí n bá òun wo iṣẹ́ tí òun kọ. Níbì kan ó kọ pé èèyàn ní ara mẹ́ta, níbòmíràn ó kọ márùn-ún, ó tún wá ya chakra méje aláwọ̀ òṣùmàrè. Mo sọ fún un pé kò le: ara, ọkàn àti ẹ̀mí tí à ń wí nílé náà ni. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tíṣà rẹ̀ sì fa ìlà pupa sí i. Bàbá àgbà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Gujarati sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, wọ́n ní wọ́n ń ṣe ìrẹsì rogodo fún olóògbé fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ń bi mí pé ta ni wọ́n ń bọ́, mi ò mọ èsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là á yé mi. Àbí kí n kúkú yọ ọ́ kúrò nínú kíláàsì náà ni?

Ìdáhùn (bàbá kan, Wembley)

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ibi tí tíṣà fa ìlà sí yẹn gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ní èdè wa, tí a bá ti dárúkọ ara, ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ọkàn àti ẹ̀mí wà ní òdìkejì. Ibẹ̀ kọ́ ni àwọn Híńdù pààlà sí. Lójú tiwọn, ìrònú, òye, ìrántí, ìbínú, ìfẹ́, títí kan ohun tó ń wí pé "èmi" nínú èèyàn, ara ni gbogbo rẹ̀. Ojú kò rí i, ṣùgbọ́n ara ni: ó ní ohun tí a fi ṣe é, ó ń yí padà, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí yóò tú ká. Ohun tí kì í ṣe ara ni atman, èyí tó ń wo gbogbo ìwọ̀nyí tí òun fúnra rẹ̀ kì í yí padà. Ẹni tó bá kọ pé ara àìrí ni ọkàn tàbí ẹ̀mí, tó sì parí rẹ̀ síbẹ̀, ti fi ilé pe onílé.

Mẹ́ta àti márùn-ún tí ọmọ kọ kò ta kora. Ohun kan náà ni wọ́n kà lọ́nà méjì. Sthula sharira ni àgọ́ ara, èyí tí ìyá bí, tó ń jẹun, tí wọ́n ń dáná sun tó bá kú. Sukshma sharira ni ara àìrí. Karana sharira ni mo máa ń pè ní ara irúgbìn, torí láti inú rẹ̀ ni àwọn méjì yòókù ti ń hù. Ìyẹn ni mẹ́ta. Márùn-ún ni wọ́n ń pè ní kosha, ìtumọ̀ rẹ̀ ni àkọ̀, bí àkọ̀ idà. Àkọ̀ oúnjẹ, annamaya, ni àgọ́ ara. Ara àìrí ní mẹ́ta nínú: pranamaya tí í ṣe ti èémí àti agbára, manomaya ti ìrònú, vijnanamaya ti òye. Anandamaya, ti ayọ̀, ni ara irúgbìn. Ọ̀kan, mẹ́ta, ọ̀kan: márùn-ún pé.

Àwọn ìwé kan máa ń ya àwọn àkọ̀ yìí bí àlùbọ́sà, èèpo lórí èèpo. Mi ò fẹ́ràn àwòrán yẹn rárá. Taittiriya Upanishad, ọ̀kan nínú àwọn ìwé mímọ́ àtijọ́ ti Híńdù, níbi tí ẹ̀kọ́ yìí ti wá (apá rẹ̀ kejì ni), sọ pé èyí tó wà nínú ló kún inú èyí tó wà lóde, àwòrán èèyàn kan náà sì ni wọ́n gbé wọ̀. Ẹ ní kí ọmọ ro gààrí tí a rẹ sómi. Kò sí hóró kan tí omi kò dé, síbẹ̀ omi kì í ṣe gààrí. Ọmọ tó bá di àlùbọ́sà mú á máa wá ìrònú lábẹ́ awọ ara, bí ẹni ń wá egungun.

Ara àìrí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ti ń ṣì í kà. Vedantasara, ìwé tí Sadananda fi kó ẹ̀kọ́ Vedanta, ìyẹn ẹ̀kọ́ tó dúró lórí àwọn Upanishad, jọ ní ṣókí, ka ohun 17 sínú rẹ̀. Ó rọrùn láti há sórí: márùn-ún lọ́nà mẹ́ta, lẹ́yìn náà méjì. Márùn-ún àkọ́kọ́ ni agbára ìmọ̀: ìgbọ́ràn, ìfọwọ́kàn, ìríran, ìtọ́wò, ìgbóòórùn. Agbára ni mo wí o, kì í ṣe etí àti imú tí à ń fọ̀ láàárọ̀. Etí tí à ń rí, ti àgọ́ ara ni. Márùn-ún kejì ni agbára ìṣe: ọ̀rọ̀ sísọ, dídi nǹkan mú, ìrìn, ìyàgbẹ́, ìbímọ. Márùn-ún kẹta ni prana, ìyẹn agbára ìyè, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Prana fúnra rẹ̀ ń gba imú ṣiṣẹ́. Apana ń ti nǹkan lọ sísàlẹ̀ kúrò nínú ara. Vyana ń yí gbogbo ara ká. Samana wà láàárín ikùn, ó ń da oúnjẹ. Udana wà ní ọ̀nà ọ̀fun, òun ló ń gòkè, òun náà ló ń sin ara àìrí jáde nígbà ikú. Méjì tó kù ni manas àti buddhi.

Àpẹẹrẹ okùn àti ejò tí àwọn olùkọ́ Vedanta fẹ́ràn dára fún méjì yìí. Ilẹ̀ ti ń ṣú, nǹkan kan ká jọ sójú ọ̀nà. Manas ní: "Ṣé okùn ni àbí ejò?" Buddhi wò ó dáadáa, ó ní: "Okùn ni." Ahamkara, ohun tó ń wí pé "èmi", ní: "Èmi ni mo rí i." Chitta, ìyẹn ìrántí, tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ dọ̀la. Bí ẹ bá fẹ́ pè wọ́n lédè wa, manas ni a sábà ń pè ní ọkàn, pàápàá tí a bá ní ọkàn ń ṣe wá méjì-méjì. Buddhi ni làákàyè. Ẹ wá rí ibi tí ìtumọ̀ yín ti gbé ọmọ ṣìnà: ọkàn tí ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ara, inú ara ló wà níbí. Èémí ló sún mọ́ prana. Fún atman, kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kó má tú u.

Tó bá rí 19 nínú ìwé mìíràn, kó má páyà. Ahamkara àti chitta ni wọ́n yọ sọ́tọ̀. Sadananda ti kà wọ́n mọ́ manas àti buddhi. Àwọn Samkhya, ilé ẹ̀kọ́ Híńdù mìíràn, ní tiwọn ka 18: buddhi, ahamkara, manas, agbára mẹ́wàá yẹn, àti tanmatra márùn-ún, ìyẹn ohùn, ìfọwọ́kàn, àwọ̀, adùn àti òórùn nígbà tí wọn kò tíì di ohun tó ṣeé dì mú. Bí ọmọ bá sì lọ sí Bhaktivedanta Manor, tẹ́ńpìlì Hare Krishna lẹ́bàá Watford, ó ṣeé ṣe kó gbọ́ mẹ́ta péré: ìrònú, òye àti èmi-asán. Ìwé mímọ́ wọn, Bhagavad Gita 7:4, ni wọ́n gbé e lé. Kó sáà máa kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń tẹ̀lé sí ẹ̀gbẹ́ iye tó bá kọ. Àdàlú iye láìsí orúkọ ló ń gba máàkì lọ́wọ́ wọn.

Ti àgọ́ ara kò gba àkókò. Nǹkan márùn-ún ni: òfurufú, afẹ́fẹ́, iná, omi, ilẹ̀. Kò sí èyí tó dá wà. Nínú ohun tí a ń pè ní ilẹ̀, ìdajì ni ilẹ̀ gan-an, ìdá kan nínú mẹ́jọ sì ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin tó kù. Panchikarana lorúkọ ìpòpọ̀ yìí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì pé ara ni ìrònú, ẹ ka Chandogya Upanishad, apá kẹfà, fún un. Uddalaka ní kí ọmọ rẹ̀ Shvetaketu má jẹun fún ọjọ́ 15, kó máa mu omi nìkan. Nígbà tó pé, ó ní kó ka Veda, ìwé mímọ́ wọn, sí òun létí. Ọmọ tó ti kọ́ Veda fún ọdún 12 kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Bàbá ní bí iná ńlá bá kú tó ku eyín iná kan ṣoṣo tí kò ju tanátaná lọ, kí ni yóò jó? Ó jẹun tán, gbogbo rẹ̀ padà wá. Oúnjẹ tí a jẹ, àlàyé bàbá náà ni pé èyí tó le jù nínú rẹ̀ di ìgbẹ́, èyí tó wà láàárín di ẹran ara, èyí tó kúnná jù di ìrònú. Ìdí kan nìyí tí ilé Híńdù mìíràn fi ń ṣọ́ oúnjẹ tó bẹ́ẹ̀.

Ara irúgbìn ni wọ́n fi oorun wíwọra ṣàlàyé. Mandukya Upanishad, ẹsẹ 12 péré, to wíwà lójúfò, àlá àti oorun tí kò lálàá tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tó bá jí níbi oorun yẹn á ní, "Mo sùn gan-an, mi ò mọ nǹkan kan." Ta ló wà níbẹ̀ tó mọ̀ pé oorun náà dùn? Ayọ̀ àti àìmọ̀kan yẹn papọ̀ ni ara irúgbìn, níbi tí àpẹẹrẹ ìwà àtijọ́ ti sùn sí bí hóró nínú ilẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ọmọ rí "ayọ̀", ó sì kọ pé ó ti dé ọ̀dọ̀ atman. Shankara, olùkọ́ Vedanta àtijọ́, ní rárá, àkọ̀ ṣì ni. Ramanuja, olùkọ́ Vedanta mìíràn, ní tirẹ̀ ka anandamaya sí Brahman gan-an, ìyẹn Ẹni gíga jù lọ. Ọmọ tó bá kọ àwọn méjèèjì pẹ̀lú orúkọ wọn ti ṣe dáadáa.

Wàyí o, chakra, ìyẹn àwọn ibùdó agbára. Kì í ṣe ara kẹrin. Inú ara àìrí ló wà, lójú ọ̀nà tí prana ń gbà, ìyẹn nadi. 72,000 ni iye nadi tí wọ́n sábà ń pè. Mẹ́ta ló ṣe kókó: ida lósì, pingala lọ́tùn-ún, sushumna láàárín. Dókítà kò lè là á rí. Ìwé tí ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí, Shat-chakra-nirupana ti Purnananda (1577), ka mẹ́fà, ó sì fi sahasrara sórí wọn ní àtàrí. Bí òdòdó ni wọ́n ń ya ọ̀kọ̀ọ̀kan: iye ewé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni 4, 6, 10, 12, 16 àti 2. Ẹ ro ó pọ̀, 50 ni, iye lẹ́tà Sanskrit tí wọ́n kọ sára wọn. Àwọ̀ òṣùmàrè kò sí níbẹ̀. Manipura ti ìdodo, tí wọ́n ń kùn ní àwọ̀ yẹ́lò lóde òní, ìwé yẹn ní ó dà bí ìkùukùu tó lóyún òjò. Ajna ti iwájú orí funfun bí òṣùpá. Lẹ́yìn tí John Woodroffe túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1919 ni àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í to òṣùmàrè sí i. Kí ọmọ fi ewé òdòdó àti lẹ́tà rọ́pò àwọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì rogodo yẹn ló wú mi lórí jù nínú ìbéèrè yín, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yìí ti di ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Bí àgọ́ ara bá ti jóná, ara àìrí jáde lọ pẹ̀lú ara irúgbìn. Gita 15:8 ní ó ń lọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé òórùn kúrò níbi tó wà. Ṣùgbọ́n olóògbé kò tíì ní ohun tí yóò fi jẹ, tí yóò fi rìn. Nítorí náà, àwọn ọmọ ń mọ ara fún un. Pinda ni wọ́n ń pe rogodo náà, ìrẹsì sísè tàbí ìyẹ̀fun bálì tí wọ́n pò pẹ̀lú yànmọ̀tí dúdú, oyin tàbí òrí màlúù. Garuda Purana, ìwé mímọ́ wọn kan, to iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ kìíní orí, ọjọ́ kejì ọrùn àti èjìká, ọjọ́ kẹta àyà, ọjọ́ kẹrin ẹ̀yìn, ọjọ́ karùn-ún ìdodo, ọjọ́ kẹfà ìbàdí, ọjọ́ keje itan, ọjọ́ kẹjọ orúnkún, ọjọ́ kẹsàn-án ẹsẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá, ebi àti òùngbẹ wọ̀ ọ́. Ara náà kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka lọ. Ní ọjọ́ kejìlá, wọ́n á pín pinda olóògbé sí mẹ́ta, wọ́n á pò ó mọ́ ti bàbá rẹ̀, ti bàbá àgbà rẹ̀ àti ti bàbá bàbá àgbà. Ìgbà yẹn ló tó di ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá. Èsì tí ẹ ó fún ọmọ nìyẹn: wọn kò kàn ń bọ́ ọ, wọ́n ń mọ ara fún un. Kì í ṣe gbogbo ìdílé ní ń ṣe é lójoojúmọ́. Ẹlòmíràn á pa á pọ̀ sọ́jọ́ kan.

Ọmọ Yorùbá á fẹ́ sọ pé Babátúndé àti Yétúndé náà nìyẹn. Kó ṣọ́ra. Àtúnwá tiwa ń padà sínú ẹbí. Tiwọn, karma ló ń darí ibi tí ara àìrí yóò tún bí sí, ó lè má jẹ́ ẹbí kankan tí a mọ̀. Orí tiwa, a kúnlẹ̀ yàn án. Karma, iṣẹ́ ọwọ́ àtẹ̀yìnwá ló kó o jọ.

Nípa yíyọ ọ́ kúrò: ní England, òfin fún òbí láàyè láti yọ ọmọ kúrò nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, lódindi tàbí lápá kan, ẹ kò sì ní láti sọ ìdí. Mi ò bá yín fọwọ́ sí i. Mímọ̀ kì í ṣe bíbọ, ó sì ti ṣe iṣẹ́ dé ìdajì. Ẹ kúkú jẹ́ kó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú àṣẹ̀yìndè. Aṣọ funfun ni kó wọ̀, kì í ṣe dúdú. Kó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ kó mú nǹkan lọ, èso ni kó jẹ́. Ẹ má fi ẹran, ẹja tàbí ohun tí ẹyin wà nínú rẹ̀ rán an.