Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Wa: Orí Késárì lábẹ́ àtẹ̀gùn, àti àpáàdì tí wọ́n fi ń lé èèyàn nílùú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́jọ, wọ́n ń kọ́ wọn nípa àwọn Gíríìkì àti Róòmù ayé àtijọ́ níléèwé, àmọ́ orúkọ ọba àti déètì nìkan ló ń mú bọ̀ wálé, ó ní ó ti sú òun. Èmi náà ò mọ nǹkan kan nínú ẹ̀ tí mo lè fi ràn án lọ́wọ́. Ká tiẹ̀ sọ tòótọ́, kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Róòmù nígbà tọ́mọ ò tíì mọ Ifẹ̀? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Peckham)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú o, màmá. Ẹ jẹ́ ká gbé déètì tì ná. Ẹ mú un lọ sí British Museum ní Sátidé kan, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, ẹ kàn kọ́kọ́ yẹ wẹ́ẹ̀bù wọn wò torí wọ́n máa ń gbé nǹkan kúrò lórí àtẹ nígbà míì, kẹ́ ẹ wá béèrè orí ère Augustus tí wọ́n wú jáde ní Meroe, ní Sùdáànì. Késárì Augustus tá a máa ń kà nínú Lúùkù lásìkò Kérésì náà ni.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má tíì sọ ìtàn kankan. Ẹ jẹ́ kọ́mọ dúró síwájú ẹ̀ kó wò ó dáadáa, kẹ́ ẹ bi í pé kí lo rí? Á sọ fún yín pé ojú yẹn ń wo nǹkan. Idẹ ni orí náà, ó fi díẹ̀ tóbi ju orí èèyàn lọ, gíláàsì àti òkúta ni wọ́n fi ṣe ẹyinjú ẹ̀, ẹyinjú ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Láìpẹ́ á béèrè pé ara ẹ̀ dà? Ìbéèrè yẹn gan-an lẹ̀ ń dúró dè. Ọmọ tó bá fẹnu ara ẹ̀ béèrè ìyẹn, kò ní sùn tẹ́ ẹ bá ń dá a lóhùn.

Róòmù ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Íjíbítì ní ọdún 30 ṣáájú ìbí Jésù ni, wọ́n wá ń gbé ère Augustus sílùú káàkiri, káwọn tí ò ní fojú kàn án láéláé lè mọ ojú ẹni tó ń jọba lé wọn lórí. Nǹkan bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn làwọn ará Kush, tí ilẹ̀ wọn wà ní Sùdáànì òde òní, ya wọ gúúsù Íjíbítì, wọ́n sì kó àwọn ère lọ. Wọ́n fa orí èyí já, wọ́n gbé e dé Meroe, olú ìlú wọn, wọ́n rì í mọ́ abẹ́ àtẹ̀gùn ojúbọ kan, kó fi jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé á tẹ orí Késárì mọ́lẹ̀ kó tó wọlé! Strabo tó kọ ìtàn ogun yẹn sílẹ̀ sọ pé obìnrin ló ń jọba lórí wọn, ó pè é ní Kandake. Oyè ni Kandake o, ẹlòmíì tó joyè yẹn lẹ́yìn ẹ̀ ni ìwẹ̀fà tí Fílípì bá pàdé nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8 ń ṣiṣẹ́ fún. Ọdún 1910 ni wọ́n tó wú orí yẹn jáde. Ìfiniṣẹ̀sín yẹn náà ló pa á mọ́, torí ọ̀pọ̀ ère idẹ Róòmù ni wọ́n ti yọ́ tí wọ́n fi rọ nǹkan míì.

Ní ti Ifẹ̀, ẹ má jáde níbẹ̀ láìwo orí idẹ Ifẹ̀ tó wà nínú ilé kan náà, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n kàn nígbà tí wọ́n ń walẹ̀ kọ́lé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938. Ẹ jẹ́ kó fi wé ti Augustus. Ọgbọ́n kan náà làwọn alágbẹ̀dẹ Róòmù àti tiwa lò: wọ́n á fi amọ̀ ṣe inú, wọ́n á fi ìda bò ó, wọ́n á gbẹ́ imú àti ètè sára ìda yẹn, wọ́n á tún fi amọ̀ bo ìta, wọ́n á yá a níná kí ìda yọ́ jáde, kí wọ́n tó da idẹ gbígbóná sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Ìyàtọ̀ wà níbi ojú. Ìlà wẹ́wẹ́ bo ojú ọ̀pọ̀ orí Ifẹ̀ látòkè délẹ̀, ti Augustus ń dán ni, bí ojú ọ̀dọ́. Kọ́mọ fọwọ́ ara ẹ̀ ya méjèèjì sínú ìwé, bí ò tiẹ̀ jọ.

Màmá, ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí mo fi ní kó mọ méjèèjì. Nínú ọdún 1910 yẹn kan náà ni ará Jámánì kan, Leo Frobenius, dé Ifẹ̀, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa, ó wá ní àwọn Gíríìkì tó ti Atlantis, ilẹ̀ inú àlọ́ Gíríìkì, wá ló ni ín, torí kò gbà pé aláwọ̀ dúdú lè ṣe é. Ó dùn mí títí dòní. Ọmọ tó bá mọ iṣẹ́ Gíríìkì bí ẹni mowó, tó sì mọ ti Ifẹ̀, ẹnì kan ò lè fi irú irọ́ bẹ́ẹ̀ tàn án jẹ.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà history ni mí ní ìlú kékeré kan nítòsí Ọ̀yọ́. A ò ní mùsíọ́ọ̀mù, a ò ní projector, iná ọba gan-an ò ṣe é gbọ́kàn lé. Ṣé mo ṣì lè fi ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Gíríìkì kọ́ àwọn ọmọ JSS 2?

ÌDÁHÙN: Ẹ lè ṣe é dáadáa o, tíṣà wa. Ẹ ṣa àpáàdì wá.

Ní Athens, ìlú Gíríìkì àtijọ́, tí ará ìlú bá rí i pé agbára ẹnì kan ti fẹ́ pọ̀ jù, wọ́n á pe ìdìbò, oníkálukú á họ orúkọ ẹni tó fẹ́ kó lọ sára àpáàdì. Ìbò náà gbọ́dọ̀ tó 6,000. Ẹni tọ́rọ̀ bá kàn á kúrò nílùú fún ọdún mẹ́wàá, àmọ́ wọn ò ní fọwọ́ kan dúkìá ẹ̀. Wọ́n lé Themistocles bẹ́ẹ̀, òun tó gba Athens là lọ́wọ́ àwọn Páṣíà lójú omi ní Salamis lọ́dún 480 ṣáájú ìbí Jésù.

Ibi tó dùn nìyí. Nínú kànga kan lẹ́bàá òkè Acropolis, wọ́n rí àpáàdì bíi 190 tí orúkọ Themistocles wà lára gbogbo ẹ̀, ìgbà tí wọ́n yẹ ọwọ́ ìkọ̀wé wò, èèyàn bíi 14 péré ló kọ ọ́. Ẹ rí i pé àwọn kan ti jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ láti pín in fáwọn olùdìbò! Torí náà, kí ọjọ́ kíláàsì tó pé, ẹ fún ọmọ mẹ́ta ní àpáàdì mẹ́wàá mẹ́wàá kí wọ́n fi èédú kọ orúkọ kan sí i níkọ̀kọ̀, kẹ́ ẹ dà á pọ̀ mọ́ tàwọn tó kù, kí kíláàsì wá fojú ara wọn wá ibi tí màgòmágó wà. Orúkọ inú ìtàn ni kẹ́ ẹ lò o, ẹ má lo orúkọ ọmọ kíláàsì, wọ́n á gbé e délé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ti iṣẹ́ ọnà kún un, ẹ wá àwòrán ìkòkò tí Exekias, amọ̀kòkò ará Athens, ṣe, tó wà ní Vatican. Jagunjagun méjì, Achilles àti Ajax, tẹ̀ síwájú lórí ọpọ́n, wọ́n ń ta ayò tiwọn, ọ̀kọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, Achilles ò tiẹ̀ ṣí akoto. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sẹ́nu wọn: Achilles ń pe mẹ́rin, Ajax ń pe mẹ́ta. Ẹ má sọ ẹni tó ń jẹ fún wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á títí bẹ́ẹ̀lì á fi lù. Dúdú làwọn èèyàn yẹn lára ìkòkò pupa, fọ́tókọ́pì lásán á gbé e jáde kedere.