Lórí eyín ọgbọ́n tẹ́ ẹ fẹ́ lọ yọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní Thursday ni wọ́n máa yọ eyín ọgbọ́n yín, eyín tó máa ń hù kẹ́yìn lẹ́nu, pé kí lẹ máa ṣe tó fi máa tètè jinná. Tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ tètè sọ fún dókítà o. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì sínú ihò tí wọ́n ti yọ eyín gan-an ló ń dáàbò bo ihò náà, ẹ má fi omi ṣan ẹnu títí 24 wákàtí á fi pé, ẹ má fi sítírọ́ọ̀ mu nǹkan, ẹ má mu sìgá. Èmi ò mọ̀ nígbà tèmi, mo kàn ń fi ahọ́n tọ́ ihò náà ṣáá, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta ìrora yẹn ti dé inú etí mi, ẹnu mi ń rùn, àfìgbà tí mo padà lọ bá wọn tí wọ́n fọ̀ ọ́ tí wọ́n fi oògùn dí i. Ògì tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ máa fi ṣíbí mu, kó má gbóná. Tó bá ti di ọjọ́ kejì, omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́.