Ṣé ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ṣì lè máa jẹ àmàlà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òkìtì àmàlà tí a máa ń jẹ n'Íbàdàn. Iṣu ni èlùbọ́, ẹ̀gẹ́ ni láfún. Méjèèjì ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, bó ti wù kí àmàlà dúdú tó. Kí òkèlè kéré, kí ewédú, gbẹ̀gìrì àti ẹja pọ̀. Ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì, kì í tètè gbé ṣúgà sókè bíi ti òkèlè. Omi ni kí ẹ fi sìn ín, kì í ṣe mínírà. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ṣúgà kò yẹ kó tó 180 mg/dL ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ.

Ìwádìí DiRECT ní Scotland àti England, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, wúni lórí gan-an: àwọn tí àtọ̀gbẹ oríṣi kejì wọn kò tíì ju ọdún 6 lọ jẹun díẹ̀ láti fọn, ìdá 46 nínú 100 wọn sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìlo oògùn lẹ́yìn ọdún kan. Abẹ́ àbójútó dókítà ni o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín, ẹ má sì mu àgbo mọ́ ọn láìsọ fún dókítà; ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì.